Àpò gààrí, àpò ìrẹsì: bí mo ṣe ń sọ .pfx di .pem

Ìyá kan tí wọ́n ń ta aṣọ òfì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí n bá àwọn kó ìkànnì àwọn kúrò lórí sáfà Windows lọ sórí Linux tó ń lo nginx, ètò tó ń gbé ìkànnì jáde fún àwọn tó bá ṣí i. Fáìlì .pfx ni ìwé-ẹ̀rí ààbò tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ojú ń kán mi, ni mo bá kàn pa orúkọ rẹ̀ dà sí .pem. nginx kọ̀, kò gbéra: "no start line", ìyẹn ni pé kò rí ìlà tí PEM fi ń bẹ̀rẹ̀. Ta ló kọ "ìrẹsì" sára àpò gààrí tí gààrí fi di ìrẹsì?

Inú fáìlì ni kí ẹ wò. Tí ẹ bá rí `-----BEGIN CERTIFICATE-----`, PEM ni, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n kọ ní lẹ́tà lásán. Tó bá rí wúruwùru, ó lè jẹ́ DER, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí kan náà tí kì í ṣe lẹ́tà téèyàn lè kà, ó sì lè jẹ́ PKCS#12, ìyẹn .pfx tàbí .p12: ẹrù kan tí wọ́n di ìwé-ẹ̀rí, kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ àti ìwé-ẹ̀rí àwọn alágbàtà (àwọn tó ń jẹ́rìí sí ìwé-ẹ̀rí ìkànnì) pọ̀ sí, tí wọ́n fi páásíwọ́ọ̀dù tì.

DER kò ní wàhálà, irinṣẹ́ OpenSSL la fi ń yí i:

`openssl x509 -inform der -in aso.cer -out aso.pem`

Ti .pfx ni kí ẹ fara balẹ̀ tú:

`openssl pkcs12 -in aso.pfx -clcerts -nokeys -out aso.pem`
`openssl pkcs12 -in aso.pfx -cacerts -nokeys -out alagbata.pem`
`openssl pkcs12 -in aso.pfx -nocerts -nodes -out aso.key`

Tí OpenSSL 3 bá ń ráhùn pé "unsupported", ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n fi ti ẹrù náà. Ẹ fi `-legacy` kún un. `-nodes` ló jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ jáde láìní páásíwọ́ọ̀dù, kí nginx má baà máa dúró béèrè rẹ̀ nígbàkígbà tí sáfà bá kú tó tún jí. Nítorí náà, ẹ tètè ṣe `chmod 600 aso.key`. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé kọ́kọ́rọ́ yìí fún ìkànnì tó ní òun á bá yín yí i lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ wá so méjì àkọ́kọ́ pọ̀, kí ti ìkànnì ṣáájú:

`cat aso.pem alagbata.pem > gbogbo.pem`

Tí alágbàtà bá ṣíwájú, "key values mismatch" lẹ máa rí, ìyẹn ni pé kọ́kọ́rọ́ àti ìwé-ẹ̀rí kò bára mu. Tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ pátápátá, ìkànnì lè ṣí lórí kọ̀ǹpútà yín, kó má ṣí lórí fóònù oníbàárà. Ẹ fi `gbogbo.pem` sí `ssl_certificate`, `aso.key` sí `ssl_certificate_key`, kí ẹ sì fi `nginx -t` yẹ ètò náà wò kí ẹ tó tún nginx tàn.

Ohun tí mi ò kọ́kọ́ ṣe rèé:

`openssl x509 -in aso.pem -noout -enddate`

Ọjọ́ 9 péré ló kù kí ìwé-ẹ̀rí tí mo fi gbogbo alẹ́ tú náà kú.