Bí a ṣe ń wo ọwọ́ ọmọ nígbà tó bá ń ṣàlàyé ìṣirò

Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀. Ẹnu ni wọ́n fi ń kì wá, ẹnu náà la sì máa ń tẹ́tí sí. Ṣùgbọ́n ẹ dúró díẹ̀ ní Post Office nírọ̀lẹ́, kí ẹ wo ẹni tó ń júwe ọ̀nà lórí fóònù. Bó ṣe ń wí pé "yà sọ́wọ́ ọ̀tún" ni ọwọ́ rẹ̀ ń yà. Bó bá ní "máa lọ tààrà," ọwọ́ á nà gbọọrọ. Ta ló ń fi ọwọ́ yẹn hàn? Ẹni tó wà lórí fóònù kò rí i.

Ní ọdún 1998, Jana Iverson àti Susan Goldin-Meadow tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní afọ́jú. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni rí láyé, síbẹ̀ wọ́n ń lo ọwọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, kódà bó jẹ́ afọ́jú bíi tiwọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ọwọ́ kì í ṣe ti olùgbọ́ nìkan, ó ń bá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ronú.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ ládùúgbò wa. Ohun tí iṣẹ́ yìí fi yé mi ni pé ọwọ́ ọmọ sábà máa ń mọ nǹkan kí ẹnu rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Òbí tàbí olùkọ́ tó bá mọ bí a ṣe ń wo ọwọ́ á mọ ìgbà tó yẹ kó kọ́ ọmọ. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí.

1. Ẹ tú apá ọmọ sílẹ̀

"Ẹ ká apá mọ́ àyà!" Kò sí ọmọ ilé-ìwé tí kò mọ àṣẹ yìí. Nílé ẹ̀wẹ̀, ọmọ tó bá dúró níwájú àgbà ń kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ ilé ni, n kò ní kí ọmọ máa juwọ́ sí àgbà lójú. Ṣùgbọ́n ìgbà ìṣirò kọ́ la ń ká apá. Ẹ fún un láyè ní gbangba: "Mo yọ̀ǹda fún ẹ, fi ọwọ́ ẹ sọ ọ́." Bí ẹ kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ kò ní gbé ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì ń kọ́? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, òótọ́ ni. Àwọn Ewe ní Ghana náà ní irú èèwọ̀ yìí. Nínú ìwádìí tí Sotaro Kita àti James Essegbey gbé jáde ní 2001, wọ́n rí àwọn tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún júwe ohun tó wà lápá òsì pàápàá, tí ọwọ́ náà ń kọjá níwájú ara lọ sí òdìkejì. Síbẹ̀, ọwọ́ òsì ṣì ń júwe díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀. Bí ọmọ yín bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, ẹ fi í sílẹ̀ kó fi òsì ronú lórí tábìlì. Ẹ̀kọ́ bó ṣe máa fún àgbà ní nǹkan, ìgbà mìíràn ni.

2. Ẹ bu omi

Ẹ wá kọ́ọ̀pù gíga méjì tó dọ́gba àti abọ́ pẹrẹsẹ kan. Ẹ bu omi sí kọ́ọ̀pù méjèèjì títí ọmọ fi gbà pé wọ́n dọ́gba. Ẹ wá da ọ̀kan sínú abọ́ lójú rẹ̀, kí ẹ bi í pé: "Èwo ló pọ̀ jù, àbí wọ́n dọ́gba?" Jean Piaget ará Switzerland ló sọ ìdánwò yìí di olókìkí. Ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà sábà máa ń ní ti kọ́ọ̀pù ló pọ̀ jù.

Ẹ má tún un ṣe. Ẹ má fajú ro. Ẹ kàn bi í: "Báwo lo ṣe mọ̀?"

3. Ẹ fi ọwọ́ wé ẹnu

Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ọmọ méjì jókòó níwájú mi lọ́jọ́ kan, àwọn méjèèjì sì kùnà. Èkíní ní, "Àǹtí, torí pé èyí ga." Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí ibi tí omi dé lára kọ́ọ̀pù. Ẹnu àti ọwọ́ sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Èkejì náà ní, "Torí pé èyí ga," ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì là sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rí bí ẹni tó di etí abọ́ mú. Ẹnu ń sọ gíga, ọwọ́ ń sọ fífẹ̀. Ọmọ yìí ti rí i pé abọ́ fẹ̀, kò tíì rí ọ̀rọ̀ tó máa fi sọ ọ́.

Breckinridge Church àti Goldin-Meadow ṣe irú ìwádìí yìí ní 1986. Wọ́n rí i pé ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń sọ ohun tí ẹnu kò sọ máa ń jèrè ẹ̀kọ́ ju ẹni tí ẹnu àti ọwọ́ rẹ̀ jọ wà lórí àṣìṣe kan náà. Bí ẹ bá gbọ́ ẹnu nìkan, òdo lẹ máa fún àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí tí mo bá rántí iye ọmọ tí mo ti pè ní olórí kunkun kí n tó mọ̀ ọ́n.

Èdè Yorùbá tiẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ níbí. Ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ "roboto," "pẹrẹsẹ" tàbí "gbọọrọ" pẹ̀lú apá kíká, ẹ ó rí i pé ọwọ́ fẹ́ yọ. Nítorí náà, ẹ bi ọmọ pé, "Báwo ló ṣe rí?" Bó bá dá yín lóhùn pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ á tẹ̀ lé e.

Bí ọwọ́ ọmọ bá yára jù fún ojú yín, ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó láìgbọ́ ohùn, kí ẹ tó wá gbọ́ ọ.

4. Ẹ kọ́ ọ lójú ẹsẹ̀

Bí ọwọ́ àti ẹnu bá yàtọ̀, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Ẹ ṣe ọwọ́ rẹ̀ padà fún un: "Mo rí i tí ọwọ́ ẹ ṣe báyìí. Kí ló ń sọ?" Lẹ́yìn náà, kó fúnra rẹ̀ da omi abọ́ padà sínú kọ́ọ̀pù. Bí ọwọ́ àti ẹnu bá jọ ṣìnà, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa da omi síwá-sẹ́yìn fún ọjọ́ díẹ̀ ná.

5. Ẹ fún ọwọ́ ní iṣẹ́

Èyí wà fún ọmọ tó ti tó bí ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ kọ ọ́ síwèé: 6 + 3 + 5 = __ + 5. Ọ̀pọ̀ á kọ 14, àwọn mìíràn á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ di 19. Ẹ ní kó la ìka méjì bíi V sábẹ́ 6 àti 3, kó wá fi ìka kan tọ́ka sí àlàfo náà, kó máa wí pé, "Mo fẹ́ kí apá yìí bá apá kejì dọ́gba." Ìka méjì yẹn ń sọ pé ká kó 6 àti 3 jọ, ẹnu kò sì dárúkọ èyí rárá. Nínú ìwádìí tí Goldin-Meadow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2009, àwọn ọmọ tó ṣe ọwọ́ yìí mọ iṣẹ́ náà ju àwọn tó fi ẹnu nìkan sọ ọ́.

Mo fi ọ̀nà yìí kọ́ ònkà Yorùbá náà. Ọmọ tó mọ "seventeen" kì í mọ ìdí tí a fi ń pè é ní ẹ́tàdínlógún. Ẹ ní kó la ìka mẹ́wàá, kó tún là wọ́n lẹ́ẹ̀kejì: ogún nìyẹn. Kó wá ká mẹ́ta bó ṣe ń wí pé "ẹ́tà dín." Méje ló kù nílẹ̀ lórí ẹ̀wá. Kì í ṣòro fún àwọn tó ń lọ ilé kéwú, torí wọ́n ti ń ka tẹsíbáà 33 lórí oríkèé ìka wọn tipẹ́.

6. Ẹ tún un wò

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ pààrọ̀ abọ́ sí igbá, ẹ má lo omi mọ́, ẹ lo gààrí. Kí ọmọ ṣàlàyé fún àbúrò rẹ̀ dípò yín. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ má sọ nǹkan kan, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò.