Ẹ Gbé Màmá Dìde

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ eegun ìbàdí tó kán fún arúgbó, bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, ẹ gbé e dìde. Ẹ ti fún un ní oògùn ìrora ṣáájú, kó ti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ẹnu á kùn yín o. Ìyá ọkọ mi ti lé lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tí àwọn ará Òkè-Àdó rí i pé mo ní kí Màmá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, wọ́n ní ìyàwó ìkà ni mí. Kí wọ́n máa wí. Ìdùbúlẹ̀ ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹsẹ̀, kí àyà kún fún kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kí ìdí dá egbò.

Wọ́kà, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń dì mú rìn, ló ń ṣáájú, ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí á tẹ̀lé e, èyí tó dá ṣáṣá á kẹ́yìn. Ẹ má fà á lápá.

Ìjókòó gan-an niṣẹ́ wà. Bí wọ́n bá fi irin rọ́pò orí eegun itan, orúnkún kò gbọdọ̀ ga ju ìbàdí lọ, kò sì gbọdọ̀ fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, àfi tí dókítà bá ní ó tó. Àpótí tí Màmá máa ń jókòó lé ṣa ẹ̀wà, mo gbé e pa mọ́. Ó bínú sí mi gan-an! Àga gíga alápá la gbé fún un, a sì gbé ẹ̀wà síwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Lílóṣòó sí ṣáláńgá parí nìyẹn. Kápẹ́ńtà dá ihò sí àárín àga onígi kan, a ti póò sábẹ́ rẹ̀. Àdúrà ìkúnlẹ̀ náà, orí àga ni.

Àmàlà láfún nìkan ò lè gbé e ró. Ẹ fi wàrà, ẹyin, ẹja kún un, díẹ̀díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀fọ́ àti omi ńkọ́? Àwọn oògùn ìrora kan kì í jẹ́ kí wọ́n rí ìgbẹ́ yà.

Bó bá ń ṣèrànrán lóru, tó ń pe òkú lórúkọ, ẹ má wá ẹni tó ń ṣe é. Ó wọ́pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹ tanná, ẹ fún un ní awò ojú rẹ̀, ẹ sọ ibi tó wà fún un, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà, torí àrùn inú ìtọ̀ lè fà á.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ náà. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó ń ro ó, tí èémí rẹ̀ ṣàdédé ń sáré, tàbí tí ẹsẹ̀ náà kúrú tó yí sínú tàbí síta, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, bíi Bowen tàbí LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, lójú ẹsẹ̀.

Ẹ bi wọ́n léèrè oògùn tó ń mú eegun le, kí ìbàdí kejì má baà kán. Ẹ ká ẹní kúrò nílẹ̀, ẹ gé ìró tó ń wọ́lẹ̀, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀; NEPA kì í kìlọ̀.