Core mẹ́jọ, ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́: bí mo ṣe gbé OpenMP sórí Mac mini mi

Owó epo ló bí mi nínú. Ìṣirò òjò tí mo ń ṣe fún iṣẹ́ ìwádìí mi máa ń gba gbogbo òru, iná kì í sì í dúró ní àdúgbò wa ní Ede Road, nílùú Ifẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń mu bẹntiróòlù lọ ràì. Mo wá ṣí Activity Monitor, tó ń fi bí ètò kọ̀ọ̀kan ṣe ń lo kọ̀ǹpútà hàn: 100% ni ètò mi ń lò, ìyẹn core kan péré, bẹ́ẹ̀ core (ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò) mẹ́jọ ni M1, ṣíìpù inú Mac mini mi, ní! Ọ̀kan ń làágùn, méje yòókù jókòó bí àlejò tó ń retí oúnjẹ.

Mo ti mọ OpenMP, ọ̀nà láti pín iṣẹ́ ètò kan fún ọ̀pọ̀ core, láti ìgbà tí mo ti ń lo Linux: ẹ fi #pragma omp parallel for sókè lúùpù (apá kóòdù tó ń tún ara rẹ̀ ṣe), ẹ fi àṣẹ -fopenmp sí i, ó tán. Lórí Mac, clang, ètò tó ń sọ kóòdù C di ètò tó lè ṣiṣẹ́, dá mi lóhùn pé: unsupported option '-fopenmp'. Mo tẹ gcc, orúkọ irú ètò bẹ́ẹ̀ míì, ẹjọ́ kan náà, torí clang náà ni Mac ń pè ní gcc. Clang yìí gbọ́ OpenMP o. Apple kàn ṣe é kó má gba àṣẹ yẹn ni, wọn ò sì kó libomp, tó ń pín iṣẹ́ fún àwọn core, mọ́ ọn.

Ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Lágere ní, "Ọ̀gá mi, àfi kí ẹ gbé GCC gidi wọlé, kò sí ọ̀nà míì." Dátà mi lọ síbẹ̀, iná lọ láàárín, gbogbo rẹ̀ já sí asán. Irọ́ gbáà ni pé kò sí ọ̀nà míì!

Homebrew, ètò tó ń gbé sọ́fítíwià wọlé sórí Mac, ni mo lò: brew install libomp, kò jẹ dátà púpọ̀. Tí ẹ bá fi -Xpreprocessor ṣáájú -fopenmp, clang ò ní jiyàn mọ́.

Ibi tí wàhálà ti wá dé nìyí: 'omp.h' file not found. Fáìlì tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi! Gbogbo ìmọ̀ràn tí mo rí ń sọ pé kí n wo /usr/local. Ti Mac oní-Intel nìyẹn. Lórí Apple Silicon, ìyẹn Mac tó ń lo ṣíìpù Apple bíi M1, /opt/homebrew ni Homebrew ń kó ẹrù sí. Mo yí i sí /opt/homebrew/include, kò sí níbẹ̀ náà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Àṣé keg-only ni libomp: Homebrew mọ̀ọ́mọ̀ yà á sọ́tọ̀ kó má baà da àwọn fáìlì GCC rú. Ta ló fẹ́ mọ ìyẹn lóru, tí epo ń jó? Àṣẹ kékeré kan, brew --prefix libomp, ló tọ́ka ibi tó wà. Òun ni ǹ bá kọ́kọ́ tẹ̀.

Èyí ló ṣiṣẹ́:

clang -O2 -Xpreprocessor -fopenmp -I$(brew --prefix libomp)/include ojo.c -L$(brew --prefix libomp)/lib -lomp -o ojo

Ẹ wo 100% tó gun òkè kọjá 600%! Inú mi dùn débi pé mo pariwo. Iṣẹ́ òru wá ń parí kí n tó sùn. Kò yá ní ìlọ́po mẹ́jọ ṣá, torí mẹ́rin nínú core M1 ni wọ́n ṣe láti má jẹ iná púpọ̀, wọn kì í sáré tó àwọn mẹ́rin yòókù.

Tí ẹ bá ń ṣe àròpọ̀ nínú lúùpù, ẹ fi reduction(+:apapo) sí i, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ iye tí ẹ rí lónìí kọ́ lẹ máa rí lọ́la. Tí ẹ bá sì fẹ́ ráyè ṣe nǹkan míì lórí kọ̀ǹpútà náà, export OMP_NUM_THREADS=4 ti tó.