Oṣù Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Kí Wọ́n Tó Fọwọ́ Sí Ilé Adìyẹ Mi

Oṣù kẹta ọdún 2023 ni mo kó ìwé mi lọ sí ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó owó ìrànwọ́ àgbẹ̀. Oṣù kẹfà ọdún 2024 ni ìwé ìfọwọ́sí tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe rìn ín, torí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló wà lórí ìrìn yìí báyìí, tí wọ́n rò pé kò sóhun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n jókòó máa retí.

Oko mi wà lójú ọ̀nà Ìwó sí Ilé-Ogbó. Ilé tí mo fẹ́ kọ́ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 30 ní ìbú, 40 ní gígùn, fún adìyẹ ẹlẹ́yin 500. Àdéhùn wọn ni pé ìjọba á san ìdajì, èmi náà á san ìdajì, tèmi sì gbọ́dọ̀ ti wà ní báńkì. Òfin kan ló wá le jù níbẹ̀: ẹni tó bá fi búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo lélẹ̀ kí ìfọwọ́sí tó jáde, kò ní rí kọ́bọ̀ gbà. Ilẹ̀ mi ti mọ́, owó mi ti wà nílẹ̀, mi ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ilẹ̀ ìdílé ni, kò ní C of O, ìyẹn ìwé àṣẹ ìjọba lórí ilẹ̀. Olórí ẹbí àti àwọn àbúrò bàbá mi méjì ló bá mi fọwọ́ sí ìwé níwájú lọ́yà, mo sì fi sọ́fè, ìyẹn ìwé tó fi ààlà ilẹ̀ hàn, tì í. Àwòrán ilé tí bíríkìlà mi yà, wọ́n dá a padà. Mo wá ẹni tó mọ̀ ọ́n yà: ògiri ìbú ilé kan kọjú sí ìlà oòrùn, èkejì sí ìwọ̀ oòrùn, kí oòrùn má baà máa ràn wọlé tààrà bá àwọn adìyẹ, ògiri tí gíga ẹ̀ jẹ́ búlọ́ọ̀kù mẹ́ta péré, nẹ́ẹ̀tì ló bo ìyókù dé abẹ́ páànù kí atẹ́gùn lè máa fẹ́. Gbogbo ìwé tí mo bá gbé lọ, méjì méjì ni. Wọ́n á gba ọ̀kan, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí èkejì fún mi. Ẹ má fi èyí ṣeré o.

Lẹ́yìn ìyẹn ni "ẹ máa lọ, a máa pè yín" bẹ̀rẹ̀. Ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, náírà já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà, owó ọjà sì ń gbéra. Àpò sìmẹ́ǹtì tí kò tó 5,000 náírà nígbà tí mo kọ̀wé, 10,000 ni mo bá a ní oṣù kejì 2024. Owó tèmi ṣì wà ní báńkì bó ṣe wà.

Ní oṣù kẹta 2024, mo jókòó sí ọ́fíìsì wọn láti àárọ̀. Mo ní mi ò bèèrè owó, fáìlì mi ni mo fẹ́ fojú rí. Akọ̀wé obìnrin kan ní, "Dádì, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n wá a." Ó tó wákàtí kan kó tó gbé e jáde lábẹ́ àwọn mìíràn, eruku bò ó. Ó yí ẹ̀yìn ẹ̀ sí mi. Nọ́ńbà fóònù mi ni wọ́n kọ síbẹ̀, àmọ́ 3 ni wọ́n kọ síbi tó yẹ kó jẹ́ 8. Láti oṣù kọkànlá ni wọ́n ti ń pe nọ́ńbà yẹn láti wá wo ilẹ̀. Wọ́n ti gbé ọ̀gá tó mọ̀ nípa ẹ̀ lọ síbòmíràn, ẹni tó rọ́pò ẹ̀ sì ní mi ò fi sọ́fè sílẹ̀. Mo yọ èyí tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí jáde. Kò bá mi jiyàn mọ́.

Ọjọ́ náà gan-an ni mo kọ lẹ́tà. Mo fi iye owó tuntun tì í láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta sìmẹ́ǹtì, páànù àti pákó, pẹ̀lú ọjọ́ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n fowó kún un, tàbí kí wọ́n gbà mí láyè láti dín ilé kù. Wọn ò fowó kún un. Wọ́n gbà kí n dín in kù sí ẹsẹ̀ bàtà 25 ní gígùn, fún adìyẹ 300. Bẹ́ ẹ bá máa kọ irú lẹ́tà yìí, ẹ kọ ọ́ kí ìfọwọ́sí tó jáde, torí lẹ́yìn ìyẹn, ilé tó wà nínú ìwé ni wọ́n máa wá wọ̀n.

Ọkùnrin tó wá wo ilẹ̀ na téèpù láti èèkàn dé èèkàn, ó yàwòrán, ó lọ. Oṣù kẹfà ni ìwé jáde. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la fi kọ́lé parí.

Adìyẹ 300 ti wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n ń yé. Ẹsẹ̀ bàtà 15 tó yẹ kó kún un, èèkàn ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, koríko ti bò ó.