Ọ̀pá Ìwọ̀ Onírin Àtijọ́: Bí Mo Ṣe Ń Rà Á, Bí Mo Ṣe Ń Fi Pẹja

Ọ̀pá ìwọ̀ mẹ́fà ló wà ní yàrá mi n'Ìkùn-Èkìtì. Irin ni gbogbo wọn, wọ́n sì ju èmi gan-an lọ lọ́jọ́ orí. Òyìnbó kan tí òun àti bàbá mi jọ ṣiṣẹ́ ojú títì ló fi àkọ́kọ́ ta bàbá mi lọ́rẹ nígbà tó ń padà sílé. Ìbẹ́pẹ là ń fi já nílé wa kí n tó dàgbà tí mo mọ ohun tó jẹ́.

Kí ẹ tó ra ọ̀kan, ẹ mọ irú èyí tó jẹ́. Àwọn kan jẹ́ oníhò bíi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́. Everett Horton, ará Bristol ní ìpínlẹ̀ Connecticut l'Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní 1887; tirẹ̀ máa ń wọ inú ara wọn bí eríàlì rédíò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ Accles & Pollock ní Oldbury ló ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Apollo. Àwọn mìíràn kò ní ihò rárá, igun mẹ́rin ni wọ́n ní. Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù: eríàlì ọkọ̀ ogun táńkì, tí wọ́n tà ní gbàǹjo lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn apẹja ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì sọ di ọ̀pá ìwọ̀. Nígbà tí fáíbágíláàsì dé, tó fúyẹ́, tí kì í dípẹtà, ó lé irin kúrò lórí igbá.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra irin àjákù l'Adó ni mo ti ń rí tèmi, àti láàárín ẹrù tòkunbọ̀. Ẹni tó ń tà á lè má mọ ohun tó jẹ́. Ẹ sọ fún un, kí ẹ sì san ju iye tí kílò irin jẹ́ lọ. Bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn, èmi ni wọ́n sì ń pè tí òmíràn bá dé.

Ẹ mú òòfà dání lọ, torí ọ̀dà lè mú fáíbágíláàsì jọ irin. Tí òòfà kò bá lẹ̀ mọ́ oríkèé, ìyẹn ibi tí abala ọ̀pá kan ti ń wọ inú èkejì, ẹ má bẹ̀rù, idẹ ni wọ́n sábà fi ń ṣe ibẹ̀. Ẹ di ojú kan, kí ẹ fi èkejì wo ọ̀pá náà láti ìdí dé ṣóńṣó bí ọdẹ tó fẹ́ yìnbọn. Èyí tó tẹ̀ díẹ̀ ṣì wúlò, ṣùgbọ́n ibi tó bá ti tẹ̀ wọnú ni yóò ti kán. Tó bá jẹ́ oníhò, ẹ dorí rẹ̀ kodò sórí aṣọ funfun, kí ẹ fi ìka gbá a lára. Ìyẹ̀fun pupa díẹ̀ bí osùn kì í ṣe ẹjọ́. Tó bá jábọ́ ní èépá-èépá, ẹ di owó yín mú. Ẹ tún fa òwú gba inú òrùka kọ̀ọ̀kan tí okùn ń gbà kọjá lára ọ̀pá. Ibi tó bá ti há, yóò gé okùn yín.

Oríkèé tó há ló ń ba ọ̀pá jẹ́ jù. Mo fi pílíásì yí ti bàbá mi, irin náà sì fún mọ́ra lójú mi. Ó dùn mí di òní. Ohun tí mo ń ṣe báyìí nìyí: mo máa ń pò kẹrosíìnì mọ́ epo ẹ̀ńjìnì, mo máa kán an sí ẹnu oríkèé, kó sùn mọ́jú. Lówùúrọ̀, mo máa jókòó sórí àpótí, mo máa gbé ọ̀pá gba ẹ̀yìn orúnkún mi méjèèjì, kí ọwọ́ mi dì í mú níta orúnkún lápá òsì àti ọ̀tún. Mo máa wá ya orúnkún sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ kàn dì í mú ni. Yóò dún pọ́!

Kànìnkànìn irin àti kẹrosíìnì ni ẹ ó fi fọ ìpẹtà. Ẹ so àkísà tó mu epo máṣínì ìránṣọ mọ́ wáyà, kí ẹ fà á gba inú èyí tó níhò. Ẹ má kùn ún lọ́dà. Orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀bá ìdìmú ni àwọn tó ń kó o jọ ń wá. Tí òrùka bá yọ, ẹ fi ìdí òwú sábẹ́ ìdì àkọ́kọ́, kí ẹ máa wé e kí ìdì kan fara kan èkejì. Tó bá ku bí ìdì mẹ́fà, ẹ fi ojóbó òwú mìíràn sábẹ́, ẹ wé e parí, ẹ ki orí òwú bọ inú ojóbó náà, kí ẹ fà á wọlé. Kò ní kókó rárá. Ẹ wá kùn ún ní fáníṣì lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìsédò Èrò ni mo ń gbé wọn lọ. Irin wúwo, kì í yára dìde, nítorí náà ẹ má jù ú fìrì. Ẹ fì í láti ìsàlẹ̀. Okùn náílọ́ọ̀nù tí agbára rẹ̀ kò ju kílò 5 lọ ni kí ẹ lò, kí okùn já dípò kí ọ̀pá tẹ̀. Ekòló ni fún àrọ̀, ìwọ̀ kékeré àti búrẹ́dì tí a pò fún epìyà. Tí ẹ bá gbọ́ àrá, bó ti wù kó jìnnà tó, ẹ gbé ọ̀pá sílẹ̀, kí ẹ kúrò létí omi. Ẹ má sì gbé e gba abẹ́ wáyà iná.

Tí mo bá délé, ọ̀pá ni mo kọ́kọ́ ń nù, ẹja a dúró. Mo máa tú oríkèé sọ́tọ̀, mo máa fi epo pa á, mo máa gbé e kọ́, n kì í dì í sínú àpò nígbà òjò. Ti bàbá mi kò ṣeé tò mọ́, ṣùgbọ́n òun náà ń gba epo tirẹ̀.