Bí A Ṣe Ń Jí Honda C70 Tó Ti Sùn Láti Ọjọ́ Pípẹ́

Tí ẹ bá bá Honda C70 àtijọ́ pàdé ní ẹ̀yìnkùlé ẹnìkan, tí eruku ti bò ó mọ́lẹ̀, tí adìẹ ti sọ ìjókòó rẹ̀ di ibùsùn, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn ni kí ẹ gùn ún, kí ẹ ta á nípàá, kí ẹ wò ó bóyá á ṣáná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta á o. Oorun kì í pa alùpùpù yìí. Ìkánjú ẹni tó fẹ́ jí i ló ń pa á.

Mo mọ̀, torí mo ti pa ọ̀kan rí. Ọ̀sán ni mo rà á, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo ta á pẹ̀lú gbogbo agbára iyán tí mo jẹ. Ríìngì písítìnì tó ti dípẹtà mọ́ ara sílíńdà ṣẹ́, àfọ́kù rẹ̀ sì ha inú sílíńdà bí ẹni fi ìṣó ha abọ́. Owó tí mo fi tún un ṣe ju owó tí mo fi rà á lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Màmá Ìkirè, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ní kí n wá gbé tiwọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo lò kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

Agbẹ̀bí ni Màmá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìró ni wọ́n máa ń ró gun Honda yìí lọ sáwọn abúlé, àpò iṣẹ́ wọn á sì wà lẹ́yìn. Táńkì epo rẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó, àárín rẹ̀ ṣófo, obìnrin lè gbẹ́sẹ̀ kọjá láì ká aṣọ sókè. Kò ní kúlọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ẹsẹ̀ la fi ń yí jíà. Ohun tí wọ́n ń sọ ní Jàpáànì ni pé Soichiro Honda àti ẹnìkejì rẹ̀ Takeo Fujisawa fẹ́ kí ọmọ tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà lè fi ọwọ́ kan wà á, kí ọwọ́ kejì di àwo mú. Àkọ́bí ìdílé náà, C100, jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1958, ẹ́ńjìnnì 49 cc. Nígbà tó fi máa di 2017, wọ́n ti ṣe 100 mílíọ̀nù nínú ìdílé yìí, kò sì sí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì mìíràn láyé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. C70 tiwa jẹ́ 72 cc, jíà mẹ́ta. Sílíńdà kan ṣoṣo ló ní, ó dùbúlẹ̀ síwájú níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i. Kò lo omi, kò ní rádíétọ̀. Ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ ò pọ̀. (Àwọn ọlọ́kadà lè sọ pé CG125, alùpùpù Honda mìíràn tó jáde ní 1976, ni ọ̀gá. Ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tù kankan

Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára férémù àti ti ara ẹ́ńjìnnì. Ti ẹ́ńjìnnì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C70E. Ẹ fi wé ìwé ọkọ̀ náà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ má baà fi owó yín ra ẹjọ́. Ẹ fi fóònù ya gbogbo ibi tí wáyà àti rọ́bà gbà kọjá ní fọ́tò. Ẹ wo bátìrì: 6V ni àwọn tó kọ́kọ́ dé, 12V ni àwọn tó dé lẹ́yìn, gílóòbù wọn ò sì jọra.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọjú wo ẹnu sàláńsà. Agbọ́n tó ń fi ẹrẹ̀ kọ́lé ti di ti Màmá pa pátápátá. Lẹ́yìn ìbòrí ẹ̀gbẹ́, níbi bátìrì, eku ti fi àwọn ìwé àyẹ̀wò aboyún tí Màmá gbàgbé síbẹ̀ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọmọ rẹ̀.

Ṣé ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí?

Ibí ni sùúrù ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì pẹ̀lú sípánà púlọ́ọ̀gì 16 mm. Ti CG tóbi jù fún un. Ẹ po ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ dísù díẹ̀, kó tó ṣíbí ìjẹun kan, kí ẹ fi sínú ihò púlọ́ọ̀gì náà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé sílíńdà yìí dùbúlẹ̀ ni. Tí ẹ bá kàn da ọ́ìlì sí i, ìsàlẹ̀ ló máa lọ jókòó sí, òkè á sì wà ní gbígbẹ. Síríńjì ni mo lò, Màmá ló sì fún mi. Mo ki rọ́bà tín-ín-rín bọ ẹnu rẹ̀, mo darí rẹ̀ sókè, kí ọ́ìlì náà lè máa ṣàn bọ̀ wálẹ̀ yí písítìnì ká. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ tún fún un sí i.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ wà á sí jíà òfo, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ kíìkì. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo wí, kì í ṣe ẹsẹ̀. Tó bá lọ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ kú oríire. Tó bá dúró gbọn-in, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tún lè ṣí ìbòrí apá òsì ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mi fúláíwíìlì, wíìlì irin tó wà níbẹ̀, díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn. Ti Màmá gba ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ kẹrin ó kérora lẹ́ẹ̀kan, ó sì yí. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò mira, ẹ pe ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí sílíńdà. Kò sí òòlù kankan tó máa bá yín ṣe é.

Nígbà tó bá ti ń yí, ẹ fi àkísà bo ihò púlọ́ọ̀gì náà, kí ẹ sì tẹ kíìkì bí ìgbà mẹ́wàá, kó lè pọ ọ́ìlì náà jáde. Ẹni tí kò bá fi àkísà bò ó, aṣọ rẹ̀ ló máa sọ fún un.

Ọ́ìlì

Ẹ tú nọ́ọ̀tù 17 mm tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ jẹ́ kó kán tán. Gbogbo ọ́ìlì tó ń gbà kò ju nǹkan bí 0.8 lítà lọ, kò sì ní fílítà oníbébà, àwọ̀n irin kékeré kan ló ní. Ọ́ìlì tó kéré tó bẹ́ẹ̀ máa ń tètè dọ̀tí, ẹ má fi owó rẹ̀ ṣahun. 10W-40 ti alùpùpù ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n kọ JASO MA sí lára. Inú ọ́ìlì yìí kan náà ni kúlọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń gbé. Ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ní ó ń dín epo kù lè mú kó máa yọ̀. Tí ẹ bá ń wọn ọ́ìlì, ẹ kàn gbé igi ìwọ̀n náà lé ẹnu ihò rẹ̀ ni, ẹ má yí i wọlé.

Táńkì àti kàbúrétọ̀

Ẹ jìnnà sí iná o, sìgá pàápàá. Ẹ gbé ìjókòó sókè, ẹ ṣí táńkì, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Epo tuntun máa ń ta nímú, epo tó ti kú ń rùn bí fánìṣì káfíńtà. Ẹ fà á sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ má dà á sí gọ́tà. Tí inú táńkì bá ti dípẹtà, ẹ tú u kúrò, ẹ rọ fínígà sí i fún ọjọ́ kan, kí ẹ da àwọn nọ́ọ̀tù kéékèèké sí i, kí ẹ mì ín bí ẹni ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ ka nọ́ọ̀tù náà kí ẹ tó dà á sínú. Méjìdínlógún ni mo dà sí i, mẹ́tàdínlógún ló jáde, ìdajì ọjọ́ sì ni mo fi wá èyí tó kù. Ẹ fi omi ṣàn án dáadáa, ẹ sá a gbẹ, kí ẹ sì fi epo díẹ̀ ṣàn án gbẹ̀yìn. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà epo, kódà bó bá ṣì ń dán.

Ọ̀rọ̀ kàbúrétọ̀ ni èmi àti àwọn mẹkáníìkì kan kì í fi í rẹ́. Wọ́n á ní kí ẹ ju ti àtijọ́ nù, pé tuntun ò wọ́n. Tí ẹ bá rí orúkọ Keihin, ilé iṣẹ́ Jàpáànì tó ṣe é, lára rẹ̀, ẹ má jù ú. Ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn ló yàn án fún un, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tuntun olówó pọ́ọ́kú kì í sì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dúró jẹ́ẹ́. Ohun tó ń ṣe é kò ju ìdọ̀tí lọ. Ẹ tú àwo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ yọ filóòtì pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, kí ẹ yọ jẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Kí ẹ tó yọ sìkúrúù atẹ́gùn, ẹ kọ́kọ́ yí i wọlé títí yóò fi rọra kan ìdí, kí ẹ máa ka iye ìgbà tó yí po. Ibi tí ẹ kà á dé ni ẹ máa dá a padà sí. Ẹni tó bá gbàgbé kà á lè bẹ̀rẹ̀ láti ìyípo kan àtààbọ̀.

Ẹ má fi wáyà gún ihò jẹ́ẹ̀tì. Ihò yẹn la fi ń wọn epo fún ẹ́ńjìnnì, wáyà á sì mú un fẹ̀. Irun búrọ́ọ̀ṣì onírọ́bà kan ti tó. Ẹ gbé e sójú oòrùn: tí ẹ bá ń rí ìmọ́lẹ̀ roboto látinú rẹ̀, ó ti là.

Iná púlọ́ọ̀gì

C70 kì í dúró de bátìrì kó tó ṣáná, fúláíwíìlì ló ń ṣe iná fún púlọ́ọ̀gì. Bátìrì tó ti kú kò ní dí yín lọ́wọ́ láti gbọ́ ohùn rẹ̀, àmọ́ ẹ má fún un níná púpọ̀ láìní bátìrì, gílóòbù lè jó.

Ẹ ra púlọ́ọ̀gì tuntun, C6HSA ti NGK bá a mu, kí àyè ẹnu rẹ̀ wà láàárín 0.6 sí 0.7 mm. Lára àwọn 6V, ẹ wo kọ́ńtáàtì, irin kékeré méjì tó ń pàdé tó sì ń yà kí púlọ́ọ̀gì lè ṣáná, láti ojú ihò fúláíwíìlì. Ó máa ń bu funfun tó bá ti pẹ́. Ẹ fi sáńpépà tó kúná jù lọ rà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún, kí ẹ sì jẹ́ kó máa yà tó 0.3 sí 0.4 mm. Àwọn 12V tó ní CDI, ẹ̀rọ ìṣáná tí kò lo kọ́ńtáàtì, kò ní wàhálà yìí. Láti dán an wò, ẹ fi púlọ́ọ̀gì sínú orí wáyà rẹ̀, ẹ fi ara rẹ̀ ti irin ẹ́ńjìnnì, jìnnà sí epo, kí ẹ sì tẹ kíìkì. Iná aláwọ̀ búlúù tó ń dún ta-ta la fẹ́.

Fáàfù ńkọ́? Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ni ẹ máa wọn àyè rẹ̀, 0.05 mm fún méjèèjì, nígbà tí àmì T tó wà lára fúláíwíìlì bá bọ́ sí ojú àmì ara ẹ́ńjìnnì tí fáàfù méjèèjì sì tú. Bébà tí a fi ń tẹ̀wé nípọn tó ìlọ́po méjì ìyẹn, nítorí náà ẹ má fojú wọn ọ́n. Ẹ lo fílà gééjì, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àyè, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní in bá yín ṣe é.

Ó yá, ẹ ta á

Ẹ gbé e síta gbangba. Ẹ da epo tuntun sí i, lítà kan ti tó, kí ẹ ṣí táàpù, kí ẹ fa ṣóòkù, kí ẹ sì dúró bí ìṣẹ́jú kan kí àwo kàbúrétọ̀ kún. Báyìí, ẹ lè lo ẹsẹ̀. Ti Màmá kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, ó wúkọ́ ní ìkeje, ó sì ṣáná ní ìkẹsàn-án. Èéfín funfun á kọ́kọ́ bo àdúgbò. Ọ́ìlì tí ẹ fún un ló ń jó. Ẹ má fún un níná púpọ̀. Ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí èéfín búlúù kò bá dá lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan tí ẹ ti ń gùn ún, ríìngì ni ẹ máa lọ bèèrè ní Aráròmí n'Ìbàdàn tàbí lọ́wọ́ àwọn tó ń ti Nnewi kó ọjà.

Kó tó fojú kan títì

Táyà rẹ̀ ni 2.25-17 níwájú, 2.50-17 lẹ́yìn. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà: 3409 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélọ́gbọ̀n ọdún 2009. Irú táyà bẹ́ẹ̀, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ṣì nípọn, ẹ gbé e sọnù pẹ̀lú túùbù rẹ̀. Ẹ ṣí búréèkì méjèèjì. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku inú wọn, torí ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì wà nínú páàdì àtijọ́. Àkísà tútù ni kí ẹ fi nù ún. Ṣéènì rẹ̀ wà nínú ìbòrí, ẹ ṣí rọ́bà kékeré tó wà níbẹ̀ kí ẹ fọwọ́ gbé e: kó máa rìn láàárín 10 sí 20 mm.

Ẹni tí kò gùn ún rí gbọ́dọ̀ mọ èyí: tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ tẹ jíà mọ́lẹ̀, kúlọ́ọ̀ṣì ti tú nìyẹn. Ẹni tó bá ń fún un níná lọ́wọ́ tó sì ṣàdédé gbé ẹsẹ̀ kúrò, Honda á gbórí sókè bí ẹṣin.

Mo fọ̀ ọ́, mi ò kùn ún. Ibi tí àpò Màmá ti họ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ wá ṣì wà níbẹ̀. Mo gùn ún dé ẹnu ọ̀nà wọn ní àárọ̀ Sátidé kan. Wọ́n jáde, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n fi ọwọ́ nu ìjókòó, wọ́n jókòó lé e, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ búréèkì ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì.

“Àkànní,” wọ́n ní, “búréèkì yìí ti jìn jù. Gbé sípánà wá.”