Fóònù kò dá dróònù wa mọ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. A ti forúkọ dróònù mẹ́ta tí a fi ń fín oògùn sóko pákí ní Ọ̀dẹ̀dá sórí blockchain, ìwé àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ tí a kì í pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Láàárọ̀, tá a bá kọ́kọ́ gbé e sókè, fóònù tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò á ní òun kò gba ìbuwọ́lù rẹ̀, ìyẹn àmì tí kọ́kọ́rọ́ àṣírí inú dróònù ń ṣe. Tó bá ti ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, á kàn gbà á. Kí ló ń ṣe blockchain náà?

Ìdáhùn: Kò sóhun tó ń ṣe é, àbúrò mi. Aago ni. Dróònù máa ń kọ àkókò mọ́ ìbuwọ́lù, kí ẹnikẹ́ni má baà gba ohun tí dróònù kéde lánàá sílẹ̀, kó tún un gbé jáde lónìí. Láti 2017, aago GPS fi ìṣẹ́jú àáyá 18 ṣíwájú aago tí fóònù ń lò. Sátẹ́láìtì máa ń sọ ìyàtọ̀ yẹn fún ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó lè tó ìṣẹ́jú 12 ààbọ̀ kó tó kàn án. Kó tó gbọ́ ọ, fóònù á rò pé àkókò ìbuwọ́lù náà kò tọ̀nà. Ẹ kọ àkókò dróònù àti ti fóònù sílẹ̀, kẹ́ ẹ wo ohun tó wà láàárín wọn. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 18 géérégé, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí dróònù dúró títí GPS á fi gbọ́ iye náà kó tó buwọ́ lu ohunkóhun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ìkánjú ní kí fóònù máa gba ìkéde tó ti pẹ́. Ẹ ń ṣílẹ̀kùn fólè nìyẹn.

Ìbéèrè: Ayàwòrán ìnáwó ni mí, Ìtòkú ni ṣọ́ọ̀bù mi. Lọ́jọ́ Sátidé, fóònù ní dróònù mi ń fò lẹ́bàá Olúmọ, bẹ́ẹ̀ inú àpótí ló wà nílé. Ṣé wọ́n ti wọ inú blockchain ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Nọ́ńbà tí dróònù ń kéde lórí Bluetooth tàbí Wi-Fi, gbangba ló ń gbà kọjá. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lè fi pe ara rẹ̀. Ohun tí blockchain mọ̀ kò ju pé kọ́kọ́rọ́ báyìí ló ni nọ́ńbà báyìí. Nọ́ńbà nìkan ni fóònù yín wò, kò wo ìbuwọ́lù. Ìkéde kan lórí Bluetooth àtijọ́ kò ju báìtì 25 lọ, ìbuwọ́lù Ed25519 sì jẹ́ 64, wọ́n gbọ́dọ̀ gé e sí wẹ́wẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn kan tó ń ṣe áàpù ti ń fo yíyẹ ìbuwọ́lù wò. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ mìíràn sínú dróònù yín, kẹ́ ẹ má yí nọ́ńbà padà. Bí fóònù bá ṣì gbà á, ẹ pe ẹni tó ṣe áàpù náà lónìí, torí orúkọ yín ló máa jáde bí ẹni yẹn bá ṣe aburú.

Ìbéèrè: A ta dróònù kan, a ò rí orúkọ rẹ̀ pa rẹ́ lórí blockchain.

Ìdáhùn: Kì í parẹ́. Ẹ kọ àkọsílẹ̀ tuntun pé kọ́kọ́rọ́ yẹn kò ṣiṣẹ́ mọ́, kí gbogbo fóònù sì gbé ẹ̀dà tuntun. Ilé ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì oko kò ṣeé gbọ́kàn lé.